Omi tí ọwọ́ ẹ bá lè gbà, kò pa kòkòrò: bí a ṣe ń mọ omi tó yẹ aṣọ

Ọ̀pọ̀ wa, tí wọ́n bá ní ká fi omi gbígbóná fọṣọ kí jáàmù lè kú, a máa gbé omi kaná, a máa dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a máa bu omi tútù lé e títí ọwọ́ á fi lè wọ̀ ọ́, tó bá ti ta wá lára díẹ̀ báyìí a ti gbà pé iṣẹ́ parí. Kò parí o. Omi tí ọwọ́ èèyàn lè wà nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, agbára káká ló fi máa kọjá 45°C, ara wa fúnra ẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 37, inú ara yìí kan náà ni àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn ti ń jẹ tí wọ́n ń mu tí wọ́n ń bímọ. Omi 40 ò dà wọ́n láàmú rárá. Ìgbà tó bá tó 60°C, tí aṣọ sì wà nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ni wọ́n tó ń kú lọ bẹẹrẹ, omi 60 sì rèé, tó bá da síni lára fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, ara á bó.

Èyí ò wá túmọ̀ sí pé kí ẹ máa fi omi híhó fọ gbogbo aṣọ ilé o. Gáàsì ti wọ́n, iná NEPA ẹ mọ bó ṣe ń ṣe, aṣọ tó pọ̀ jù nínú ilé ò sì nílò ju omi tútù, ọṣẹ, ọwọ́ tó gbó o dáadáa àti oòrùn. Ọṣẹ kì í kúkú pa gbogbo kòkòrò, ńṣe ló ń ṣí wọn kúrò lára aṣọ, tí omi tí ẹ fi ṣan án á sì gbé wọn lọ, fún aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìyẹn ti tó. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ká mọ aṣọ tó nílò ooru, ká mọ èyí tí ooru máa bà jẹ́, ká sì mọ bá a ṣe máa dé 60 nílé tí kò sí maṣíìnì tó ń gbé omi kaná.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pín aṣọ, àmọ́ kì í ṣe àwọ̀ nìkan

Funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ìyẹn wà fún ẹwà aṣọ. Ti ìlera, ohun tí aṣọ náà fara kàn ni kẹ́ẹ wò.

Òkìtì àkọ́kọ́ ni aṣọ òde: ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, gáùn, búbá, ìró, yúnífọ́ọ̀mù iléèwé tí kò ju eruku àti òógùn lọ. Omi tútù tàbí lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó fún wọn.

Òkìtì kejì ni àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ ibi kọ́lọ́fín ara tàbí tó ń kan oúnjẹ: pátá, bọ́ksà, ìbọ̀sẹ̀, táwẹ̀lì, bẹ́díṣíìtì, aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ tí ẹ fi ń nu tábìlì àti ọwọ́ ní kíṣìnì, nápíì ọmọ tó jẹ́ aláṣọ. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó máa rí 60. Aṣọ kíṣìnì yẹn gan-an ni mo rò pé a kì í kà sí nínú ilé, a ó fi nu omi ẹran tútù, a ó fi nu ọwọ́, a ó tún fi nu àwo tí a fẹ́ bu oúnjẹ sí, tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀ a ó fi ọṣẹ tó ṣẹ́ kù nínú omi ìfọṣọ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀kán.

Òkìtì kẹta ni aṣọ aláìsàn: ti ẹni tó ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tó ní egbò tó ń ṣọyún, tó ní kúrúnà tàbí làpálàpá. Èyí ò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ aṣọ ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ kó wọn sí kẹ́ẹ tó fọ̀ wọ́n.

Tí ọmọ tuntun bá wà nílé, tàbí àgbàlagbà tára ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, tàbí ẹni tó ń gba ìtọ́jú tó ń sọ agbára ara di aláìlágbára, ẹ fi ti òkìtì kejì ṣe dandan, ẹ má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọrùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ

Àwòrán bááfù kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Nọ́ńbà inú ẹ̀ ni ooru tí aṣọ yẹn lè fara dà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o, kì í ṣe pé dandan ni kẹ́ẹ dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ tóótòòtó dúdú ló wà níbẹ̀ dípò nọ́ńbà, ọ̀kan jẹ́ 30, méjì jẹ́ 40, mẹ́ta 50, mẹ́rin 60. Tí wọ́n bá ya ọwọ́ sínú bááfù, ọwọ́ ni kẹ́ẹ fi fọ̀ ọ́, omi ò sì gbọ́dọ̀ ju 40 lọ. Bááfù tí wọ́n fa igi X sí lórí, ẹ má fi omi kàn án, kó lọ sọ́dọ̀ oní-dirakílíìnì.

Aṣọ tiwa kì í ní lébẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbí. Àdìrẹ aláró, omi tútù, òun nìkan ṣoṣo nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pàápàá àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣì ń tú aró sómi. Aṣọ òkè, ẹ má gbé e dé ìtòsí omi gbígbóná rárá, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní fọ́nrán tó ń dán nínú, ooru á sọ wọ́n di jágbajàgba, á sì sún kì. Léèsì pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, tútù. Áńkárá jẹ́ òwú, ó lè fara da 40, ṣùgbọ́n ó máa ṣá kíákíá tẹ́ ẹ bá ń fi ooru fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi owó yín ṣòfò. Aṣọ onírun bíi súẹ́tà, 30 lọ sísàlẹ̀, ká má sì fún un lọ́rùn pa.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun tí omi kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Omi tútù ló ni ẹ̀jẹ̀, ẹyin, mílíìkì, èébì, ìgbẹ́ ọmọ àti òógùn tó ti gbẹ mọ́ abíyá. Ẹ máa fi tútù bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ìgbàkígbà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé omi gbígbóná lẹ ṣì máa padà lò. Bí ẹyin ṣe máa ń dì tó bá kan epo gbígbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dì mọ́ òwú tó bá kan omi gbígbóná, àbààwọ́n yẹn ò sì ní lọ mọ́. Aṣọ tí obìnrin lò nígbà nǹkan oṣù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tàbí ọṣẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ẹ tó mú un lọ síbi ooru.

30 sí 40 ni lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀rá àti epo pupa máa ń yọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ọṣẹ oníyẹ̀fun sì máa ń tú dáadáa. Àwọn ọṣẹ tuntun tí wọ́n kọ enzyme (èròjà tó ń tú ìdọ̀tí) sí lára páálí ẹ̀, àárín 30 sí 50 ni ara wọn ti máa ń dá jù, nítorí náà tẹ́ ẹ bá da ọṣẹ yẹn sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ti pa agbára tí ẹ fowó rà. Aṣọ máa mọ́ lójú ní 40, ó máa gbóòórùn dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ kòkòrò á ṣì wà níbẹ̀, pàápàá àwọn tó ń fa làpálàpá àti ẹsẹ̀ jíjẹrà láàárín ìka.

60 ni ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fọkàn sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ìyẹn iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, sọ fáwọn aráàlú pé pátá, táwẹ̀lì àti bẹ́díṣíìtì, 60 ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, tàbí 40 tí wọ́n bá fi ọṣẹ tó ní bílíìṣì kún un. Ọsibítù wọn tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 65 fún ìṣẹ́jú 10, tàbí 71 fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ rí i pé ooru àti àkókò ni wọ́n jọ ń sọ, tí ooru bá kéré kí àkókò pọ̀ sí i. Èèyàn ò lè da omi gbígbóná lé aṣọ kó tún dà á nù lójú ẹsẹ̀ kó wá ní òun ti pa kòkòrò.

Omi tó ń hó, ẹ fi sílẹ̀ fún òwú funfun: nápíì, aṣọ kíṣìnì, hánkáṣíìfù ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Kẹ́ẹ gbé e sínú ìkòkò tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún aṣọ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, kó hó fún bí ìṣẹ́jú 10. Pátá ti òde òní tó ní rọ́bà àti lásítíìkì máa rọ̀ tẹ́ ẹ bá sè é, 60 tó fún un.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹ ṣe máa rí 60 láìsí maṣíìnì

Ìṣirò kékeré ni. Omi tó ń hó jẹ́ 100°C. Omi ẹ̀rọ tiwa ní ìhà Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, máa ń tó nǹkan bíi 28. Tẹ́ ẹ bá fi ike kan náà wọn méjèèjì:

Ike híhó 1 sí ike tútù 5 máa fún yín ní 40.
Ike híhó 1 sí tútù 3, bíi 46, ọwọ́ ti fẹ́ má gbà á mọ́.
1 sí 2, bíi 52.
1 sí 1, bíi 64.
3 sí 2, bíi 71.

Ṣùgbọ́n ike bọ́kẹ́ẹ̀tì máa fa ooru díẹ̀, aṣọ náà á sì fa tiẹ̀, pàápàá aṣọ tó ti tutù tẹ́lẹ̀ tí omi ṣì wà lára ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà dúró sí 60, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1 sí 1, 3 sí 2 ni kẹ́ẹ lò, kẹ́ẹ fún aṣọ yẹn dáadáa kó tó wọlé, kẹ́ẹ sì fi ọmọrí tàbí báǹtẹ́ aṣọ àtijọ́ bò ó lójú kó má bàa tètè tutù. Lásìkò ọyẹ́ tí omi máa ń tutù ní ìdájí, ẹ fi híhó díẹ̀ kún un. Tí ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ tì í bọ̀ ọ́, àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń ní in. Tẹmómítà ibà o, ẹ má dán an wò, 42 ló máa ń parí sí, èyí tó ní mẹ́kúrì máa bẹ́ síbẹ̀, mẹ́kúrì sì ti di májèlé sínú ilé nìyẹn.

Omi tútù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, híhó lẹ́yìn, kó má bàa ta sí yín lójú kí ike má sì rọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ má gbé e sílẹ̀ níbi tí ọmọ tó ń rá kòrò tàbí tó ń fẹsẹ̀ ta ń kọjá, ẹ gbé e sínú ilé ìwẹ̀ kẹ́ẹ ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ bóyá kòkòrò kan wà nínú táwẹ̀lì tó tó kí ọmọ fi omi gbígbóná jóná.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìfọṣọ gan-an

Ìdọ̀tí ló ń bo kòkòrò lórí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kúrò. Ohun tó bá nípọn bíi ìgbẹ́ tàbí èébì, ẹ fi ìwé nù ún sínú ilé ìgbẹ́, ẹ wọ gílọ́ọ̀fù tàbí ọ̀rá méjì sí ọwọ́. Ẹ fi omi tútù ṣan aṣọ náà. Ẹ wá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ gbo ó bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, ìgbà yẹn ni enzyme àti ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún un.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ẹ wá kó wọn sínú omi 3 sí 2 yẹn pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi igi tàbí ọmọrogùn tó ti gbó tì í kó wọlé tán, kí atẹ́gùn má sí lábẹ́ ẹ̀ tó máa gbé e léfòó, nítorí apá tó bá léfòó ò rí ooru. Ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ máa fi igi yí i láàárín. Ẹ jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ á fi gbà á kẹ́ẹ tó fọwọ́ kàn án, kò sí ohun tí ẹ ń sáré fún. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Omi kàǹga tó rí bí tíì, ẹ má fi ṣe èyí tó kẹ́yìn o, àbí kí la wá ń gbé omi kaná fún látàárọ̀.

Sísá ṣe pàtàkì bíi fífọ̀. Aṣọ tó bá wà ní ọ̀rinrin di ọjọ́ kejì, kòkòrò tó kù nínú ẹ̀ ti tún pọ̀ padà, òun ló ń fa òórùn bí aṣọ ajá yẹn. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kanranjangbọn, kẹ́ẹ tó ká a.

Tí aṣọ ò bá lè gba ooru ńkọ́?

Òwú funfun, ẹ lè lo Jik tàbí Hypo, nínú omi TÚTÙ, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀ ni kẹ́ẹ tẹ̀ lé. Omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí agbára ẹ̀ tètè fò lọ, èéfín ẹ̀ á sì máa ta yín nímú. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Harpic, fínígà tàbí ohunkóhun tó kan, afẹ́fẹ́ májèlé ló ń jáde níbẹ̀. Nápíì tí ìtọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ náà ò gbọ́dọ̀ kan bílíìṣì kí ẹ tó ṣan án dáadáa, nítorí ìtọ̀ àti bílíìṣì kì í ṣe ọ̀rẹ́ rárá. Sílíìkì, aṣọ onírun àti aṣọ tó ń nà, bílíìṣì yìí máa jẹ wọ́n.

Aláwọ̀, ẹ wá bílíìṣì aláfẹ́fẹ́ oxygen, èyí tó máa ń jẹ́ yẹ̀fun funfun, òun kì í ṣá aṣọ, 40 lọ sókè ló sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Áyọ́ọ̀nù náà tún wà, òun ni ẹ kì í kà sí. Tóótòòtó mẹ́ta ara áyọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi 200°C, méjì 150, ọ̀kan 110. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ni kò lè fara da ìyẹn, tó bá ṣe pé ẹ lọ̀ ọ́ dé gbogbo ibi.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀

Kúrúnà: ooru tó kọjá 50°C fún ìṣẹ́jú 10 máa pa kòkòrò ẹ̀ àti ẹyin ẹ̀, nítorí náà 60 ti tó. Gbogbo aṣọ, bẹ́díṣíìtì àti táwẹ̀lì tí ẹni náà lò láàárín ọjọ́ 3 sẹ́yìn ni kẹ́ẹ fọ̀, lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ń pa oògùn sára, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí ẹ ò lè fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kẹ́ẹ so ó lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò yẹn kì í pẹ́ kú tí kò bá rí awọ ara.

Ìdun: 60, ẹ má gbọn bẹ́díṣíìtì náà káàkiri ilé, inú ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu ni kẹ́ẹ kó o sí láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé ibi omi.

Eṣinṣin tumbu: èyí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú omi rárá, aṣọ tó mọ́ tí ẹ sá síta tàbí sórí koríko ló máa ń yé ẹyin sí, pàápàá tó bá ṣì tutù, ìdin ẹ̀ á wá wọ inú awọ ara, á wú bí eéwo. Ẹ lọ aṣọ náà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ má fo ojú rírán, rọ́bà ìdí pátá àti nápíì ọmọ. Èmi ò lè fi èyí ṣeré níbi tí ọmọdé bá wà.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó ń ran gbogbo ilé: àwọn fáírọ́ọ̀sì kan nínú wọn le gan-an, 60 nìkan lè má tó, tí aṣọ náà bá jẹ́ funfun ẹ fi bílíìṣì kún un lẹ́yìn tó bá tutù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má fi sànítáísà nìkan ṣe é.

Ẹ̀yin tó ní maṣíìnì

Maṣíìnì oníhò méjì tó wọ́pọ̀ níbí kì í gbé omi kaná, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i ló máa lò, ẹ wo ìwé ẹ̀ kẹ́ẹ mọ bí omi tó lè gbà ṣe gbóná tó, nítorí àwọn kan ò ju 50 lọ. Èyí tó ń ṣí níwájú sábà máa ń ní ohun tó ń gbé omi kaná nínú. Ẹ̀yin tó wà ní London, ètò tí wọ́n kọ "eco 40-60" sí kì í ṣe 60 o, ńṣe ló ń fi àkókò gígùn rọ́pò ooru kí iná má bàa jó púpọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ 60 lóòótọ́ ẹ mú "cotton 60". Ní Amẹ́ríkà, "hot" túmọ̀ sí omi tó wá látinú hítà ilé, ọ̀pọ̀ sì máa ń wà ní 120°F, ìyẹn bíi 49°C, kò tíì dé ibẹ̀, ẹ wá bọ́tìnì "sanitize" tàbí kẹ́ẹ gbé e sínú dráyà tó gbóná dáadáa.

Tó bá sì jẹ́ pé 30 nìkan lẹ ń lò lójoojúmọ́, maṣíìnì yẹn fúnra ẹ̀ máa rùn tó bá yá, nǹkan yíyọ̀ á máa hù sínú rọ́bà ẹnu ẹ̀. Ẹ máa fún un ní 60 tàbí 90 lófìfo lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ nu rọ́bà yẹn, kẹ́ẹ sì máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìfọṣọ, tí kò bá sí ọmọ kékeré tó lè kó sínú ẹ̀.